Pátákó Orúkọ Níwájú Ilé Màmá Dọ́rọ́tì

Ẹ̀yin ará Odode, ẹ̀yin ará Aládé, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń dúró dè mí ní sítọ̀ọ̀ kòkó láti ọjọ́ tí mo ti balẹ̀, mo ti dé o. Ẹ ti bi mí léèrè Amẹ́ríkà títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ ò béèrè ilé gíga, ẹ ò béèrè yìnyín. Òṣèlú wọn ni gbogbo yín ń béèrè. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè sinmi. Ẹni tó bá tún dá mi dúró lójú ọ̀nà, ìwé yìí ni n óo nà sí i.

Ohun tí a rò

Kí n kọ́kọ́ rán yín létí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lọ́dọ̀ wa. Kòkó ni mo ń rà, ẹ sì mọ̀ pé bí Amẹ́ríkà bá sín, àwa tí à ń ta kòkó ní Aládé la ó nu imú. Bí wọ́n bá yan ẹnìkan sípò lọ́hùn-ún, dọ́là á gbọ́. Bí dọ́là bá gbọ́, kòkó á gbọ́, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yín náà á sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tí rédíò kì í fi í kú ní sítọ̀ọ̀ mi. A mọ orúkọ àwọn aṣòfin wọn ju ti àwọn tiwa lọ. Èmi tí n kò kàwé kọjá girama, èmi ni mò ń ṣàlàyé fún àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò níbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọn á sì máa mi orí bí ẹni pé wáàsí ni mò ń ṣe.

Ohun tí a fi ń yìn wọ́n kò ju ọ̀kan lọ. Bàbá Lájídé ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére fún un. Àgbẹ̀ kòkó ni, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, àwọn jàǹdùkú òṣèlú sì ti fọ́ ilé rẹ̀ rí nígbà ìbò. Ó ní, "Ùlú yẹn dáa, ọma mi. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìbò á pe ẹni tó borí lórí fóònù, á ní ó kú oríire. Wọn kì í torí ìbò di ọ̀tá ara wọn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Báálù nìkan ló ń bà mí lẹ́rù nígbà yẹn.

Ìlú tí kò fọhùn

Rọ́fíátù ọmọ mi ló ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì ni níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ó máa ń pẹ́ kó tó fojú kan ilé. Ẹ má ṣe rò pé Niú Yọ́ọ̀kì tí ẹ ń wò nínú fíìmù ni wọ́n ń gbé. Ìlú kékeré kan ni, láàárín oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè rẹ̀ tán.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé. Ilé wà lọ́tùn-ún, ilé wà lósì, iná ń tàn nínú wọn, mọ́tò wà níwájú wọn, n kò sì rí ènìyàn kankan. Kò sí ẹni tó jókòó síta. Kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọ tó ń ké, kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Ewé pupa ń já bọ́ lórí igi, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹ rántí ìlú wa àtijọ́ lórí òkè, tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí Odode. Bí ènìyàn bá gun òkè débẹ̀, òfìfo ni yóò bá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á mọ̀ pé àwọn kan ti gbé ibẹ̀ rí, á sì kí wọn. Ibi tí mo dé yìí, èèyàn kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè kí.

Ìgbà náà ni mo wá wo iwájú àwọn ilé náà dáadáa. Níwájú ọ̀kan, ọwọ́ òkú yọ síta láti inú ilẹ̀. Níwájú èkejì, òkúta sàréè wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, agbárí kan sì fara ti ọ̀kan nínú wọn, ó ń wò wá bí a ti ń kọjá lọ.

Mo di ọmọ mi lápá mú. "Rọ́fí! Àwọn ènìyàn yìí ò mọ òkú sin!"

Rọ́fí tó ń wa ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti dẹ ìrìn. "Màámi, eré ni. Rọ́bà ni gbogbo wọn. Ọdún kan ni wọ́n ń ṣe lóṣù yìí, wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé, wọ́n á wá fún wọn ní súìtì."

Mo ní irú ọdún wo nìyẹn, ta ló sì ń fi òkú ṣeré. Síbẹ̀, ara mi rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà. Níwájú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ri àwọn pátákó kéékèèké mọ́ ilẹ̀, orúkọ ènìyàn sì wà lára wọn. Kò sí fọ́tò lára wọn. Orúkọ náà tóbi gàdàgbà, lẹ́tà wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú mi kò ká.

Ẹ̀yin náà, kí ni ẹ̀ bá rò? Nílé wa, ara ògiri ni pósítà olóṣèlú ń gbé, ojú olúwarẹ̀ á sì wà níbẹ̀ tí á máa rẹ́rìn-ín sí wa pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pátákó orúkọ tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ní iwájú ilé, tí kò ní ojú, irú rẹ̀ la rì sórí sàréè bàbá mi nínú ọgbà wa kí símẹ́ǹtì tó dé. Mo wá dá a rò nínú ara mi: àwọn ti rọ́bà, eré ni, àwọn tó ní orúkọ, òótọ́ ni. N kò bi Rọ́fí mọ́. Ó ti rẹ ọmọ náà, n kò sì fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tó ń wo ẹ̀yìn wò

Rọ́fí padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ku èmi àti ọmọ nínú ilé. Mo máa ń pọ̀n ọ́n jáde lọ́sàn-án kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn. Bí mo bá pàdé ẹnìkan, á rẹ́rìn-ín, á ní báwo ni. Kí n tó sọ bí mo ti wà, yóò ti kọjá. Lọ́jọ́ kan, ohun kan bú sẹ́rìn-ín sí wa láti inú igbó òdòdó iwájú ilé kan. Àjẹ́ rọ́bà ni, bí ènìyàn bá ti súnmọ́ ọn ni yóò rẹ́rìn-ín. Mo ṣépè fún un ní ohùn Ìdànrè gidi, mo sì bá tèmi lọ.

Ní ti oúnjẹ wọn, ṣúgà ti pa á. Búrẹ́dì wọn dùn, ẹ̀wà wọn dùn. Elégédé tí àwa fi ń se ọbẹ̀, wọ́n ń fi ṣe kéèkì. Èyí tí wọn kò bá jẹ, wọ́n á gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, wọ́n á tan iná sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo àlejò.

Nínú ilé ìtajà kan, ọkùnrin kan tó ń to ápù gbọ́ ohùn mi, ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó wo ẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni àwọn ènìyàn yín ń sọ nípa wa báyìí?"

"Nípa òṣèlú yín? À ń yìn yín. A ní ẹ kì í torí ìbò di ọ̀tá."

Ó tẹjú mọ́ mi, ó ń wò ó bóyá mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó padà sídìí ápù rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kíyè sí i pé gbogbo wọn ló ń wo ẹ̀yìn wò kí wọ́n tó dárúkọ òṣèlú, bí ìgbà tí àwa bá fẹ́ dárúkọ ejò lóko ní alẹ́.

Ẹ kú ọ̀fọ̀

Nínú ilé tó kángun sí ti Rọ́fí, ìyá arúgbó kan ló ń dá gbé. Kò sí egungun rọ́bà níwájú ilé tirẹ̀, kò sì gbẹ́ elégédé. Pátákó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orúkọ ọkùnrin ló wà lára rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá náà ń jáde, á bẹ̀rẹ̀, á ṣa ewé tó já sí ìdí pátákó náà, á nà án ró bí ó bá ti wọ́. Lẹ́yìn náà á dúró, á wo ilé tó wà ní òdìkejì títì, á sì padà wọlé. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo ní ọkọ rẹ̀ nìyẹn, tàbí ọmọ rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ènìyàn kì í gbé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kó má kí i. Lọ́jọ́ kan mo pọn ọmọ, mo wé gèlè mi dáadáa, mo lọ bá a nídìí pátákó rẹ̀. Mo tẹ orúnkún. Mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ fún un pé mo bá a kẹ́dùn ẹni tó lọ, kí Ọlọ́run má tún jẹ́ kí ó fi ojú sunkún ẹlòmíràn.

Ó bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màmá. Mo rí i níwájú ilé yín ni."

Omi lé sí i lójú. "Gbogbo àdúgbò ló ń rí i, kò sì sí ẹni tó wá kí mi rí. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo ni."

Ó mú mi wọlé. Ó gbé tíì tí kò ní mílíìkì fún mi, pẹ̀lú bisikíìtì tó le débi pé mo ní láti rẹ ẹ́ sínú tíì kí n tó lè gé e jẹ. Ó ní Dọ́rọ́tì ni kí n máa pe òun. Mo ní n kò lè pe ẹni tó dàgbà tó báyìí lórúkọ, a wá fẹnu kò sí Màmá Dọ́rọ́tì. Ó gbé fọ́tò kan wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní irun pupa. Ó ní Dẹ́nì lorúkọ rẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti lọ?"

"Láti ìgbà ìbò ààrẹ," ó wí.

Mo ké háà. Wọ́n ń pa ara wọn nídìí ìbò níbẹ̀ náà! Mo rántí àwọn tí àwa náà ti sin nítorí ìbò, mo sì gbá ọwọ́ ìyá náà mú.

"Mo ṣì máa ń rí i," ni Màmá Dọ́rọ́tì wí. Ó nawọ́ sí òdìkejì títì. "Lójú fèrèsé òkè yẹn, nírọ̀lẹ́, tí iná bá ti tàn. Á dúró, á máa wo ilé yìí. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè sí i, kì í dáhùn."

Mo dá bisikíìtì náà padà sínú àwo.

Ẹni tó dúró lójú fèrèsé

Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn àkúdàáyà, ẹni tó kú níhìn-ín tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó fẹ́ ìyàwó, tó bímọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi rí i. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ti èyí tí wọ́n sin síwájú ilé ìyá rẹ̀, tó dìde, tó kọjá títì lọ ń gbé lódìkejì rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì Rọ́fí, mò ń wo fèrèsé òkè náà.

Iná tàn níbẹ̀. Ọkùnrin kan yọ. Ó wọ ẹ̀wù funfun. Kò ṣe ohunkóhun, ó ń wo ilé Màmá Dọ́rọ́tì ni. Ojú tó wà nínú fọ́tò náà gan-an ni, àfi pé irun rẹ̀ ti ń funfun. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ, nítorí n kò gbọ́ ọ rí pé òkú ń dàgbà. Mo ka gbogbo àdúrà tí alùfáà kọ́ mi, mo ka àwọn tí mo ti gbàgbé ìparí wọn náà.

Nígbà tí Rọ́fí tibi iṣẹ́ dé, ó bá mi pẹ̀lú báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ọ̀já wà pinpin.

"Màámi, níbo?"

"Ibikíbi. Ìwọ náà di ẹrù rẹ. A ò ní sùn ní ìdojúkọ òkú." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣíwọ́ ẹ̀rín, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. "Dẹ́nì ò kú, Màámi. Pátákó ìbò ni gbogbo ìyẹn. Ẹni tí olúkúlùkù fẹ́ dìbò fún ló ń kọ síwájú ilé rẹ̀. Ìbò kékeré ló ń bọ̀, wọ́n fẹ́ yan adájọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá, àti àwọn tó ń rí sí ilé-ìwé."

"Adájọ́? Wọ́n ń dìbò yan adájọ́?" Rédíò wa kò sọ ìyẹn fún wa rí.

Ó ní ẹnìkan ni Màmá Dọ́rọ́tì dìbò fún nígbà ìbò ààrẹ, ẹlòmíràn ni Dẹ́nì dìbò fún. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nídìí oúnjẹ ọdún ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Dẹ́nì ní ìyá òun ti ta ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ òun. Ìyá ní kó jáde. Ó jáde lóòótọ́, ó ní òun kò ní tẹ ilé náà mọ́ àfi bí ìyá òun bá gbà pé òun ṣìnà. Ìyá ní kó má tẹ̀ ẹ́ àfi bí ó bá wá tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń dúró.

"Ọmọ rẹ̀ wà láàyè," ni mo wí, "ó ń gbé lódìkejì títì, kì í sì í kí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Mo tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo ní ó sàn kó jẹ́ àkúdàáyà. Àkúdàáyà ní ìdí tí kò fi lè padà sílé.

Ṣé ẹ jíire?

Ọjọ́ kejì ni mo lọ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi fún Màmá Dọ́rọ́tì. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Kò sí ohun tí o ṣì," ó wí. "Ìwọ nìkan lo kí mi bó ti yẹ."

Ó wá sọ fún mi pé ọkàn òun kò lágbára mọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí ó má dá gbé. Dẹ́nì nìkan ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà yàtọ̀ sí i, òun kò sì ní pè é. Ó ń wo àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé bí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ilé-ìwé. Ó mọ ẹ̀wù òtútù wọn, kò mọ ohùn wọn mọ́. "Bí mo bá ṣubú lọ́jọ́ kan," ó wí, "ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo rí i lọ́kàn mi, ìyá nílẹ̀, ọmọ lójú fèrèsé tó ń wo ilé rẹ̀, títì kékeré kan láàárín wọn.

Nínú agbo ilé wa ní Odode, ilẹ̀kùn kan kì í wà ní títì kí oòrùn gun òkè kí ẹnìkan má kàn án. Kódà bí ẹ bá ń bínú síra yín, ẹ óo béèrè ṣé ẹ jíire. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó fọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni a óo máa ṣe é níbí. Láràárọ̀, màá pọn ọmọ, màá dúró sábẹ́ fèrèsé Màmá Dọ́rọ́tì, màá ké pé, "Màmá, ṣé ẹ jíire?" Òun náà á ṣí kọ́tìnì rẹ̀, á juwọ́. Nígbà tó yá, ó kọ́ èsì rẹ̀. Á yọjú, á ní, "A jíire o," bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kún fún iṣu gbígbóná, inú mi á dùn.

Mo se mọ́ínmọ́ín, mo gbé e tọ Dẹ́nì lọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbà á tọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́. Mo ní ìyá rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kó wá kí i.

"Màmá, òṣèlú wa kò lè yé yín," ó wí.

"Òṣèlú yín yé mi. Ìwọ ni kò yé mi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ ìbò

Mo sin Màmá Dọ́rọ́tì lọ sí ibi ìdìbò, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Ẹ fetí sílẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè. Kò sí sójà. Kò sí jàǹdùkú. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má rìn lójú títì. Kò sí ẹni tó ń pín ìrẹsì. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́, bàtà nìkan ni mò ń gbọ́. Dẹ́nì wà lórí ìlà kan náà, ènìyàn díẹ̀ ló wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ògiri. Àwọn tó wà láàárín wọn mọ̀, wọ́n sì ń wo fóònù wọn.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ti ń yìn láti sítọ̀ọ̀ mi ti wá ń dẹ́rù bà mí. Ká ní ilé wa ni, wọn ì bá ti jà. Ìyá ì bá ti ṣí gèlè, ọmọ ì bá ti pariwo, àwọn àgbà ì bá ti sáré là wọ́n, wọn ì bá ti bú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán kó tó di Jímọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò jà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè là wọ́n.

Kọ́tìnì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sábẹ́ fèrèsé, mo ké pe, "Màmá, ṣé ẹ jíire?" Kọ́tìnì kò ṣí. Mo tún ké. Mò ń gbọ́ ohùn nínú ilé, ohùn ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró, mo sì rò pé àlejò ni. Ìgbà tí mo fi etí sí ilẹ̀kùn ni mo mọ̀ pé tẹlifíṣàn ni. Ìbò ni wọ́n ń kà. Mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi ń ta mí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn mi.

Mo yí padà láti lọ pe Dẹ́nì, mo sì rí i ní ìhà tirẹ̀ lódìkejì títì, pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó dúró ní etí títì.

"Kọ́tìnì rẹ̀ kò tíì ṣí," ó wí. "Mo máa ń wò ó láràárọ̀. Kò pẹ́ báyìí rí."

"Kí lo wá ń dúró ṣe?"

"Bóyá ó ń bínú ni. Àwọn tí ó dìbò fún ló fìdí rẹmi lánàá. Bí mo bá wọlé, á ní mo wá fi òun ṣẹ̀sín."

Inú bí mi ju bí mo ti lè kọ lọ. Mo sọdá títì, mo gbá a mú ní apá aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bú u. Mo pè é ní ọmọ burúkú, mo ní ọmú tó mu ni yóò bi í léèrè. Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń tẹ̀lé mi bí mo ti ń fà á. Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo ṣílẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ilé ìdáná ni a bá a, tíì ti dànù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ. Tẹlifíṣàn ń sọ orúkọ àwọn adájọ́ tuntun. Dẹ́nì kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí rẹ̀ sórí itan, ó ń fi fóònù pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ sì ń já. Kí n má fi yín sínú iyèméjì, ọkọ̀ náà dé, wọ́n sì gbà á là. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kí ọkọ̀ tó dé ni mo gbé bọ̀ wálé, òun ni mò ń gbọ́ bí ẹ bá ti ń bi mí léèrè òṣèlú Amẹ́ríkà.

Màmá Dọ́rọ́tì la ojú. Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ó wo ojú tó wà lókè ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé mo ti kú ni?" èmi ni ó bi.

Kí n tó lanu, Dẹ́nì ti dáhùn. "Rárá o, Mọ́mì. Ẹ kò kú. Ẹ wà láàyè."

Ìyá náà mí díẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Kí ló wá mú ọ wá?"

Dẹ́nì tẹrí ba mọ́ irun ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, àwa yòókù sì ń retí ọkọ̀.